Ìgbà wo ni bàálù balẹ̀, ìgbà wo ló bà lé nǹkan?

Nínú géèmù bàálù ogun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti gidi, irú DCS World tàbí IL-2 Sturmovik tó jáde lọ́dún 2001, ìjà kọ́ ló kọ́kọ́ ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lágara. Bíbọ̀ wálẹ̀ ni. Gbígbéra kò le: ẹ tẹná, ẹ jẹ́ kó sáré, yóò fò. Àmọ́ kí èèyàn dá a padà sílẹ̀ láìfọ́ ọ, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ibẹ̀ náà ni èdè ti ń dàrú mọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu. Èyí tó sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí tó fìdí lulẹ̀ gbì, èyí tó bọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi, "balẹ̀" ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ "balẹ̀", wọn a ní àwọn "láǹdì".

Ará ilé ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ náà "bà". Ohun tó ń fò ló ń bà: ẹyẹ, eṣinṣin, labalábá. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ "bàlẹ̀". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ṣe àbọ̀ fún un. "Rà" di "ra aṣọ", "kà" di "ka ìwé", "bà" àti "ilẹ̀" sì di "balẹ̀". Ẹ fi "lé" sáàárín wọn, ohùn ìsàlẹ̀ á padà: ẹyẹ bà lé igi. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo "lé" yìí o, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

DCS World máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní bàálù méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni TF-51D, Mustang ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọn ò fi ìbọn sí. Ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ dín eré rẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ máìlì 170 ní wákàtí kó tó na ẹsẹ̀ bàálù jáde. Nígbà tó bá fi máa dójú ọ̀nà, kó ti sún mọ́ 120. Imú bàálù ni èèyàn fi ń ṣọ́ eré, iná ni ó fi ń ṣọ́ bó ṣe ga tó. Òdìkejì èyí ni ẹni tuntun máa ń ṣe: ó rí i pé òun ti ń lọ sílẹ̀ jù, ó fa imú sókè, eré kú, bàálù sì dà wálẹ̀ bí òkúta.

Gbogbo àkókò tí bàálù fi ń bọ̀ látòkè yẹn, ó ń sọ̀ ni, kò tíì máa balẹ̀. Sísọ̀ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bíbalẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Oníròyìn tó bá sọ pé bàálù kan "ń balẹ̀" nígbà tó ṣì wà láàárín ìkùukùu ti kánjú. "Gúnlẹ̀" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó dé èbúté ni, a sì ti yá a fún bàálù láìsí ìjà. Ìrìn àjò ló ń parí, nítorí náà bàálù tó ti Kánò wá lè gúnlẹ̀ sí Ìkejà. Ẹni tó gbéra, tó yípo pápá lẹ́ẹ̀kan, tó tún padà síbi tó ti gbéra nítorí pé ó ń kọ́ṣẹ́, kò tíì gúnlẹ̀ síbì kankan.

Ká wá sọ pé ó ti kù díẹ̀. Taya kan ilẹ̀, bàálù ta sókè, ó tún padà kan ilẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo lò: ó "kan ilẹ̀". Kò tíì balẹ̀, nítorí pé ẹyẹ tó bà ti jókòó. Messerschmitt Bf 109 àwọn ará Jámánì lókìkí burúkú níbi èyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù, taya kékeré tó wà nídìí ìrù kò sì lè dá a dúró tó bá fẹ́ yà. Ó lè ti fi ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tán, kó yí bírí, kó sì fi apá kan wọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé irú èyí "já". Ohun tó wà lókè ló ń já: èso já bọ́, bàálù já láti sánmà. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó yí dànù ni, tàbí ó dojú dé.

Ọ̀rọ̀ "lé" wá kàn. Nínú DCS World kan náà, èèyàn lè mú F/A-18C Hornet lọ sórí Theodore Roosevelt, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí Amẹ́ríkà fi ń gbé bàálù ogun lójú òkun. Àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn á máa yípo lókè ọkọ̀. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn láti ara àṣá: wọ́n ń rábàbà. Nígbà tó bá wá kan ọ̀kan láti sọ̀, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ tó fẹ́ bà. Ẹni tó bá ní Hornet "balẹ̀" sórí ọkọ̀ ti mú ilẹ̀ wá sáàárín òkun. Ó bà lé ọkọ̀ ni.

"Rọra" náà kò bá a mu. Lórí ilẹ̀, a máa ń gbé imú Mustang díẹ̀díẹ̀ kó lè rọra jókòó. Hornet kò mọ ìyẹn. Dígíríì 8.1 ni apá rẹ̀ fi ń dojú kọ afẹ́fẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gbá ọkọ̀ gbàmù. Okùn irin mẹ́rin ló nà gbọọrọ níbẹ̀, ìkọ́ kan sì wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ há mọ́ ọ̀kan, ẹ̀kẹta ló dára jù. Àwọn àgbà ti ní òwe tó bá a mu láìmọ̀: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bí taya bá ti kan ọkọ̀, iná ni awakọ̀ ń tẹ̀ dópin, kì í ṣe bíréèkì. Tí okùn bá mú un, okùn á borí ẹ́ńjìnnì, bàálù á dúró. Tí okùn kankan kò bá mú un, iná yẹn ni yóò gbé e padà sókè kó má bàa bọ́ sómi. Nípa ti ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kò tọ́ láti sọ pé ó bà lé ọkọ̀ tó sì tún gbéra. Ó kan ọkọ̀ ni, okùn kò mú un, ó kọjá lọ.