Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Bú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ wíwo ìràwọ̀, bí awò yín kò bá dá kọ̀ǹpútà alágbèéká lóhùn, ẹ má tíì yọ ètò kankan dànù. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ọjọ́ orí awò àti kọ̀ǹpútà jìnnà síra. Ẹsẹ̀ awò tó ń fi mọ́tò wá ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, irú NexStar àtijọ́ ti Celestron tàbí LX200 ti Meade tó jáde ní 1992, RS-232 ló fi ń sọ̀rọ̀, ìlànà tó ti wà láti 1960. Kọ̀ǹpútà òde òní kò ní ihò rẹ̀ mọ́. USB ló ní. Ògbufọ̀ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú.

Ṣíìpù inú ògbufọ̀ yìí ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Ayédèrú PL2303 ti Prolific kún ọjà débi pé ilé iṣẹ́ náà ṣe dráífà Windows tuntun tí kì í gbà wọ́n. Kì í gba ojúlówó tó ti pẹ́ náà. Ṣíìpù FTDI ni mo fara mọ́. Ẹnìkan á ní èyí tó pọ́ọ́kú ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni, títí Windows yóò fi dá pààrọ̀ dráífà lóru ọjọ́ kan. Fóltì tún burú jùyẹn lọ. Ihò rìmóòtù tó wà lára ẹsẹ̀ awò HEQ5 ti Sky-Watcher, fóltì 5 ló mọ̀, RS-232 sì lè gbé 12 wá. Wáyà EQDIR, tó ń lo fóltì 5 yẹn, ló yẹ ibẹ̀. Pé orí wáyà wọ ihò kì í ṣe àṣẹ láti tì í bọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀dù tó bá jó, kò sí ètò tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo nọ́ńbà COM nínú Device Manager, torí ó lè yí padà bí ẹ bá gbé wáyà bọ ihò USB mìíràn. Ẹ fi ìyára sí 9600, ẹ ṣí ètò PuTTY tí ẹ lè fi tẹ àṣẹ ránṣẹ́ sí awò, kí ẹ yára tẹ Kx sí NexStar: x# ló yẹ kó dá padà. Lórí LX200, :GR# ni, yóò sì sọ ìdajì àdírẹ́sì ibi tí awò dojú kọ. Bí ìdáhùn bá wá, wáyà, ṣíìpù àti dráífà ti jàre. Ẹ wá lè bá àwọn ètò tó ń darí awò, ASCOM àti Stellarium, ṣẹjọ́. (Ẹ ti PuTTY ná o, ètò méjì kì í di COM kan mú pọ̀.)

Àwọn kan á ní kí la ń fi wáyà ṣe nígbà tí Wi-Fi wà. Fún ẹni tó kàn fẹ́ wo Júpítà díẹ̀ kó lọ sùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fọ́tò di ìdájí kò gbọdọ̀ gbára lé ohun tó lè já láìsọ fún un. Wáyà ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò, kó sì fi okùn dì í mọ́ ẹsẹ̀ awò, kí ó má baà fà yọ nígbà tí awò bá ń yí.