Ẹ Mọ vi Kí Sáfà Tó Dákú

Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Alábòójútó sáfà (server) ni òwe yìí bá wí jù, nítorí ohun tó bá bá nínú ẹ̀rọ ló máa fi tún ẹ̀rọ ṣe.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Festac àti Amuwo-Odofin l'Ékòó ló jókòó sí yàrá wọn báyìí, tí sáfà tí wọ́n ń tọ́jú sì wà ní London tàbí Jámánì. VS Code ni wọ́n fi ń kọ̀wé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí sáfà bá kọ̀ tí kò dìde, VS Code ò ní sí níbẹ̀. Irinṣẹ́ ìkọ̀wé Nano náà lè má sí. Irinṣẹ́ ìkọ̀wé tó ń jẹ́ vi lẹ ó sábà bá, torí POSIX, ìlànà tí ẹ̀rọ ìdílé Unix ń tẹ̀ lé, kà á mọ́ irinṣẹ́ wọn.

Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ilé Festac lọ́wọ́ de àjọ̀dún FESTAC tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1977 ni Bill Joy, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Berkeley l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí vi. Ìlà tẹlifóònù tó ń lò nílé ń fà gan-an, ìdí nìyẹn tí àṣẹ vi fi kúrú: lẹ́tà kan, iṣẹ́ ti ṣe. Àwa ará Èkó mọ iyì ìyẹn. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta 2024, tí nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège, irú irinṣẹ́ tí kì í jẹ dátà báyìí ló wúlò.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹ kọ́ vi nísinsìnyí tí ara tutù. Fún àpẹẹrẹ, ẹ mú fáìlì /etc/ssh/sshd_config, tó ń darí bí a ṣe ń wọ sáfà láti òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ tó fi vi ṣí i. Ẹ tẹ /Port àti Enter, ẹ ti dé ibi tí wọ́n kọ Port sí nìyẹn. Ẹ tẹ i kí ẹ tó kọ̀wé, Esc tí ẹ bá kọ ọ́ tán, u tí ẹ bá ṣì í kọ. :wq ló ń fi í pamọ́ tó sì ń jáde. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, :q! á mú yín jáde láìyí ohunkóhun padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì jáde níbi tí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ẹ lè gba ibòmíràn wọlé. Ní ti fáìlì sudoers, tó ń sọ ẹni tó lè lo agbára ọ̀gá lórí ẹ̀rọ, àṣẹ visudo nìkan ni kí ẹ máa fi ṣí i, torí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ lè gba agbára ọ̀gá lọ́wọ́ yín.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Vim, ọmọ ìyá vi tí Bram Moolenaar ará Netherlands gbé jáde ní 1991, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú: ẹ tẹ vimtutor, nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú ló ń gbà. Ọ̀fẹ́ ni; ìtọrẹ fún àwọn ọmọ Kibaale ní Uganda ni ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi vi sí ara ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ́ wọn.