Ẹran Tó Kù Lórí Àtẹ: Bí A Ṣe Lè Sọ Ọ́ Di Ẹran Gbígbẹ Nílé

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ata, ẹ̀pà tàbí àlùbọ́sà náà yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ọjà kò yá, oòrùn ti ń wọ̀, ẹran bíi kílò mẹ́rin ṣì wà lórí àtẹ. Kò sí iná mànàmáná, yìnyín tí a rà láàárọ̀ ti yọ́ tán. Ẹlòmíràn á ní kí òun gbé e sílẹ̀ di ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tó sì ti ń rùn, á ní kí òun kúkú yan án tàbí kí òun sá a. Ibi tí àṣìṣe wà gan-an nìyẹn. Gbígbẹ kì í wo ẹran tó ti bàjẹ́ sàn. Májèlé tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ti tú sínú ẹran, iná kì í ràn án, ata kì í bò ó. Ẹran tí a máa gbẹ, òwúrọ̀ ni kí a ti yà á sọ́tọ̀ lórí yìnyín. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ó yẹ kó ti kúrò lọ́jà.

Ẹran tó kú fúnra rẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn anthrax ń pa màlúù ní Gánà, ìjọba àpapọ̀ wa kìlọ̀ pé kí aráàlú yẹra fún pọ̀ǹmọ́, ẹran tí wọ́n fi èéfín gbẹ àti ẹran ìgbẹ́. Ní oṣù keje ni wọ́n rí àrùn náà ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Oòrùn kì í pa kòkòrò àrùn yìí. Ẹran tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò ní odò ẹran nìkan ni kí a fọwọ́ kàn, bí ó ti wù kí èkejì pọ́ọ́kú tó.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Orí àjà lókè ààrò ni àwọn ọdẹ wa ń gbé ẹran sí. Àwọn Hausa ló ni kílíṣí tí à ń rà ní Sábó, gbogbo wa la sì mọ kúndì. Àwọn ará South Africa ń ṣe tiwọn, biltong ni wọ́n ń pè é. Jerky ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ àwọn Quechua orí òkè Peru ni orúkọ náà sì ti wá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran tútù, omi ni, omi yẹn ni wọ́n ń lé jáde.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, àwa mélòó kan jọ ṣe kílò márùn-ún. A kánjú, a gé e nípọn. Ó gbẹ lójú, ó dún kókó bí igi, a sì dì í sí náílọ́ọ̀nù nígbà tó ṣì gbóná. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti bu. A dà á nù ni. Ìdí tí a fi ń kọ èyí nìyẹn.

Itan màlúù ló dára jù, ibi tí ẹran pupa wà. Ẹ gé ọ̀rá rẹ̀ dànù, nítorí ọ̀rá kì í gbẹ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ rùn. Ẹ gé ẹran náà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí ó má nípọn ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ. Àwọn oníkílíṣí mọ̀ ọ́n gé débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí òdìkejì. A kò ní bá wọn du ìyẹn. Bí ẹ bá ní fírísà, ẹ jẹ́ kí ẹran kọ́kọ́ le díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀bẹ á lọ geere.

Fún kílò kan, ṣíbí ìjẹun iyọ̀ kan tó tẹ́jú ti tó. Ẹ lọ àlùbọ́sà àti atalẹ̀ sí i, ẹ bu omi díẹ̀ lé e, ẹ gbé e kaná, kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún títí pupa inú rẹ̀ á fi tán. Àwọn oníkílíṣí kì í ṣe èyí o, ìgbẹ̀yìn ni tiwọn ń fojú kan iná. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ní kí ooru inú ẹran kọ́kọ́ tó ìwọ̀n 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí bí ẹran bá gbẹ tán, kòkòrò inú rẹ̀ á yigbì, iná kò ní tètè ràn án mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ sá a. Orí àwọ̀n lórí tábìlì gíga ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe etí títì. Ohun tí a sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, eku lè tọ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni ibà Lassa ti ń wọlé. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i kò jìnnà sí wa. Àwọ̀n fèrèsé ni kí ẹ fi bò ó nítorí eṣinṣin. Ẹ má lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín, oògùn apakòkòrò wà lára rẹ̀. Ẹ máa yí i padà, ẹ sì gbé e wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, oòrùn ọjọ́ kan tàbí méjì á ṣe é. Nígbà òjò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn rárá: ẹyin iná tó ń jò jẹ́jẹ́ lábẹ́ àwọ̀n onírin ni. Igi gidi ni kí ẹ fi dáná, kì í ṣe táyà, kì í ṣe pákó tí wọ́n kùn lọ́dà.

Bí ẹ bá fẹ́ kó jọ kílíṣí, ẹ gún kúlíkúlí, ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù àti iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi omi pò ó, ẹ ti ẹran tó ti gbẹ bọ̀ ọ́ fún bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ tún un sá, ẹ wá fi iná rà á lára díẹ̀. Ẹ̀pà tó ti bu, ẹ má lò ó, kì báà jẹ́ pé ata pọ̀ nínú rẹ̀. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ ká a kò: ó gbọ́dọ̀ sán, kí ibi tó sán má sì tutù. Jẹ́ kó tutù pátápátá, kó o sínú ìgò tí ojú rẹ̀ hàn, dé e, kí o wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí ìgò bá làágùn, ẹran náà kò tíì gbẹ, dá a padà sórí iná.

Ọ̀rọ̀ òtapíápíá wá kù. A mọ̀ pé àwọn kan ń fín in sí ẹja àti ẹran gbígbẹ nítorí kòkòrò. Ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, tí a mọ̀ sí Sniper, lọ́jà. Ẹran tó gbẹ dénú, tó wà nínú ike tó dé pa, kò nílò rẹ̀. Bí kòkòrò bá wọ tiwa, ẹ̀bi ìdérí ni, jàre.

Ní ti owó, kílò mẹ́rin ẹran tútù kò ní ju kílò kan àti díẹ̀ lọ bó bá gbẹ tán, kí a tó fi kúlíkúlí sí i. Owó kílò mẹ́rin yẹn, owó igi, owó ata àti ọjọ́ méjì tí a fi jókòó tì í, orí kílò kan yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fi ojú ẹran tútù dá owó lé e ti gbé owó rẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ dì í ní kéékèèké: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé kò ní ra kílò, ṣùgbọ́n á ra èyí tó máa jẹ dé kíláàsì. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ orúkọ yín sára rẹ̀ kó lè wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà NAFDAC di dandan.