Yíyọ Bátìrì Lára Kẹ̀kẹ́ Oníná

Ẹni tí ó ń gun alùpùpù elépo, bí epo bá tán, yóò yà sí ilé epo, yóò san owó, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ti ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ògiri ilé ni oúnjẹ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wà, níbi tí a ń ki ẹnu wáyà bọ̀. Ọ̀nà méjì péré ni ó sì wà: yálà kí kẹ̀kẹ́ tọ iná lọ, tàbí kí bátìrì kúrò lára kẹ̀kẹ́ kí ó tọ iná lọ. Níbi tí olúkúlùkù ti ní àgbàlá tí a lè tì, ọ̀ràn yìí kò le. Ṣùgbọ́n ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ẹgbẹ́ àkàsọ̀ sì jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí a lè so kẹ̀kẹ́ mọ́, bátìrì ni yóò máa gòkè. Bí yíyọ rẹ̀ bá ṣòro, kẹ̀kẹ́ di ẹrù.

Ó yẹ kí a mọ irú kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de àwọn ọlọ́kadà tí ń gbé èrò ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ní Mushin, ní Ṣómólú àti ní Kòsọ́fẹ́. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbé èrò ni èyí, bí kò ṣe ti kẹ̀kẹ́ ológeere tí a fi mọ́tò kékeré oníná sí, tí ènìyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ara rẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu bí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wu ni. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan fò lọ sí ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbé ní Máfolúkù, tí ó sì ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀. Ó ti lo ìdajì wákàtí lórí ìkúùkù pẹ̀lú sípánà kí bátìrì tó jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní bátìrì ṣì ní agbára díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kẹ̀kẹ́ dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní ojú títì márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ oníná tí iná ti kú nínú rẹ̀ kò mọ bí ó ti wúwo tó. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì bínú. Bátìrì kò bàjẹ́, mọ́tò kò jó. Yíyọ tí ó ṣòro nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí sábà máa ń fi bátìrì sí. Òmíràn wà lórí irin tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá sí ibi ẹsẹ̀. Ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń gùn bọ̀, kọ́kọ́rọ́ ni ó sì dì í mú. Òmíràn wà lábẹ́ káríà ẹ̀yìn, òun náà sì ń fà jáde bí àpótí tábìlì. Ẹ̀kẹta, tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó ti Ṣáínà wá, dúró gangan lẹ́yìn òpó ìjókòó. Òun ni ó ń fa wàhálà jù, nítorí òkè ni ó ń gbà jáde, ìjókòó sì dí i lọ́nà. Bí ìjókòó náà bá ní ìdè tí ó ń jẹ́ kí ó dojú kọ iwájú bí ìdérí àpótí, ó tán. Bí kò bá ní in, a óò kọ́kọ́ tú òpó ìjókòó, kí a fà á sókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn lè ní kí mẹkáníìkì fi ìdè irú ti àpótí sí abẹ́ ìjókòó. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó lẹ tépù mọ́ òpó náà ní ibi gíga tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, kí ó má baà máa wá a ní àràárọ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan bátìrì rárá, kí a pa iná kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì tí a fà yọ nígbà tí iná ṣì ń kọjá máa ń ta pàrà; ìtapàrà náà sì ń jẹ àwọn eyín idẹ tí iná ń gbà kọjá díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi rí págunpàgun tí wọn kò ní wọ ara wọn dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà ni ti eruku. Eruku Òṣòdì kò kéré, òjò sì ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ nínú ojú irin tí bátìrì ń gùn. Aṣọ gbígbẹ ni kí a fi nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí a má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí ó lè ba ike tí ó bo bátìrì jẹ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń le láti yí, kí a má da òróró sí i, nítorí òróró ń mú eruku mọ́ra. Kí a lọ dúdú inú pẹ́ńsù kúnná, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní lẹ́ẹ̀dì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òjé kankan nínú rẹ̀, kí a sì fẹ́ ẹ sínú ojú kọ́kọ́rọ́. Yóò máa yọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n dúdú yìí kan náà ń gbé iná, nítorí náà kò gbọdọ̀ dé ibi eyín idẹ. Ní ti bátìrì tí kò ní ibi ìdìmú, okùn líle irú ti báàgì ìwé ni kí a dè yí i ká, kí ọwọ́ kan lè fà á.

Àwọn kan wà tí bátìrì wọn kì í ṣe èyí tí a ń fà yọ, bí kò ṣe bátìrì olójé mẹ́ta nínú àpótí tí a fi nọ́ọ̀tì dè. Irú èyí lè tó kílò 12, nígbà tí ti lítíọ́ọ̀mù tí agbára wọn jọ ara wọn kò ju bíi kílò 3 lọ. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ lè fi pílọ́ọ̀gì sí àárín wáyà wọn, kí ó sì fi nọ́ọ̀tì oníyẹ̀ẹ́ méjì, tí ọwọ́ lásán ń tú, rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Bí irin kan bá fi ẹsẹ̀ kan ní orí bátìrì so mọ́ ẹsẹ̀ kejì, ìbáà ṣe sípánà tàbí òrùka ọwọ́, yóò gbóná pípọ́n lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀ ohun tí ó rọ olówó lọ́rùn lè rọ olè lọ́rùn pẹ̀lú. Àwọn kan, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí ó le, wọn a yọ ìdè kọ́kọ́rọ́ sọnù pátápátá. Kò sí ọgbọ́n nínú èyí: bátìrì ni ohun tí ó wọ́n jù lára kẹ̀kẹ́ náà. Ibi ìdìmú, ojú irin tí ó mọ́ àti kọ́kọ́rọ́ tí ó ń yí ni kí a fi wá ìrọ̀rùn, kì í ṣe ìdè tí a tú dànù.

Kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé ti ń ro ọ̀ràn yìí. Ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1924, iléeṣẹ́ iná ìlú náà ni ó ni bátìrì inú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù oníná. Bí ti inú ọkọ̀ bá rẹ̀, wọn a fi èyí tí ó kún rọ́pò rẹ̀. Ní Taiwan, iléeṣẹ́ Gogoro bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún alùpùpù ní ọdún 2015. Lẹ́bàá ilé wa níhìn-ín, ní Kútọ̀nú àti Lomé, iléeṣẹ́ M Auto, tí ó wá di Spiro, gbé e dé ní ọdún 2022: ọlọ́kadà yóò yà sí ibùdó, yóò fi bátìrì tí ó rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì gba èyí tí ó kún. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàápàá ṣe òfin ní ọdún 2023, tí ó yan ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, pé bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí lè yọ kí ó sì pààrọ̀. Ọ̀ràn pípààrọ̀ yìí kàn wá. Bí pápákọ̀ òfuurufú tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máfolúkù, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè di bátìrì tuntun sínú báàgì wá, nítorí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó bá ju wáàtì-wákàtí 160 lọ kì í bá èrò wọ ọkọ̀ òfuurufú, ti kẹ̀kẹ́ oníná sì sábà máa ń tó 360.

Èyí tí ó wúwo jù lọ ni ti iná tí ń jó ilé. Ní New York ní ọdún 2023 nìkan, ènìyàn 18 ni ó kú nínú iná tí irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀. Ní Ìsọlọ̀, iná mànàmáná lè dé ní agogo méjì òru, kí àwọn ọmọ kígbe “Ọ́pù NẸ́PÀ!” (orúkọ iléeṣẹ́ tí ó ti pa rẹ́ láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n tí ẹnu kò fi sílẹ̀), kí onílé dìde ki bátìrì bọ iná ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń gbà jáde, kí ó sì padà sùn. Bátìrì tí ó rọrùn láti yọ ni ó gbà á lọ́wọ́ èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ wa lè gbé e dání wọ ṣọ́ọ̀bù, kí ó jẹ́ kí ó tutù lẹ́yìn ìrìn, kí ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an gba iná sí i ní ọ̀sán, níbi tí aṣọ kò sí nítòsí, tí ojú rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Bíi wákàtí márùn-ún ni yóò gbà kí ó tó kún.

Nítorí náà, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tà á, kí olùrà má wo àwọ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan. Kí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí ó yọ bátìrì fúnra rẹ̀, kí ó gbé e gun àkàsọ̀ bí àkàsọ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí owó tó jáde nínú àpò rẹ̀.