Ìjánu Ṣáájú Eré: Ẹ̀kọ́ Lórí Àtúnṣe Ọkọ̀ Asáré

Ẹni tí ó bá ra ẹṣin tí ó mọ eré sá, ìjánu ni yóò kọ́kọ́ wá kí ó tó wá kẹ́sẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, agbára ẹ́ńjìnnì ni wọn a kọ́kọ́ rà kún un. Táyà àti bíréèkì a sì kẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ yìí ń ṣàlàyé ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi lè gba ẹ̀mí, àti èyí tí ó tọ́ fún ọkọ̀ tí à ń wà ní títì ọba láàrin ènìyàn.

Àpẹẹrẹ rere kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ British Motor Corporation gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mini. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 848 cc, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 34 lọ. John Cooper, ẹni tí ọkọ̀ ìje ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní ní àgbáyé ní ọdún 1959 àti 1960, rí i pé ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó sì di ilẹ̀ mú dáradára bí ó bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí Mini Cooper jáde ní ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di 997 cc, ó ní kabúrétọ̀ méjì, agbára rẹ̀ sì ti di ti ẹṣin 55. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n yọ bíréèkì ẹsẹ̀ iwájú tí ó rí bí ìlù, wọ́n sì fi èyí tí ó rí bí àwo pẹrẹsẹ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ooru kì í tètè borí rẹ̀. Ní ọdún 1963, Cooper S dé pẹ̀lú agbára ẹṣin 70. Wọ́n sì tún mú àwo bíréèkì náà tóbi sí i. Irú ọkọ̀ yìí ni ó borí nínú ìdíje Monte Carlo ní ọdún 1964, 1965 àti 1967. Bí agbára ti ń gòkè ni ìjánu ń le sí i.

Ìṣirò ni ó fa èyí. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọkọ̀ tí ń sá eré 30 máìlì ní wákàtí yóò gba 14 mítà kí ó tó dúró lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti mú un. Bí eré náà bá di 60, yóò gba 55 mítà. Eré di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí ọkọ̀ gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá ka ilẹ̀ tí ọkọ̀ rìn kí awakọ̀ tó tẹ bíréèkì mọ́ ọn, ó di 23 mítà àti 73. Bí ọmọdé bá já sí títì ní 50 mítà níwájú ọkọ̀, awakọ̀ àkọ́kọ́ yóò dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì kò ní lè dúró.

Nítorí náà, ètò tí ó tọ́ nìyí.

Èkíní ni táyà. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan fi kan ilẹ̀ kò tóbi ju nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ ni eré, ìdúró àti kọ́nà ṣíṣẹ́ gbogbo dúró lé. Táyà rere ṣe pàtàkì ju agbára ẹṣin mẹ́wàá lọ.

Èkejì ni bíréèkì. Epo bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ DOT 4 sí lára kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 230 Celsius bí ó bá ṣì tuntun. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní 155. Bí ó bá hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ a rì lórí bíréèkì, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Owó kékeré ni a fi ń pààrọ̀ epo yìí.

Ẹ̀kẹta ni sípíríìngì àti ṣọ́ọ̀kì. Àwọn kan a máa gé sípíríìngì kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀ kí ó sì wu ojú. Bí ó bá le jù, táyà a máa ta lórí gbágungbàgun. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò sì lè di ilẹ̀ mú.

Ẹ́ńjìnnì ni ó kẹ́yìn. Bí a bá fi tọ́bò fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ jù sínú ẹ́ńjìnnì tí a kò ṣe fún un, pẹtiróòlù lè bú kí àkókò rẹ̀ tó tó, kí ó sì ba písítìn jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ẹni tí ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà tí kò sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè rí i pé wọ́n kọ̀ láti san owó nígbà tí ìjàm̀bá bá dé.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọkọ̀ tí ó lè sáré pọ̀. Èyí tí ó lè dúró ni ó ń mú olówó rẹ̀ délé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni wọ́n tún ṣe lára Mini Cooper yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀?
2. Èéṣe tí ó fi yẹ kí a máa pààrọ̀ epo bíréèkì?
3. Ewu wo ni ó wà nínú gígé sípíríìngì?