Ọkọ̀ Tó Gbé Àrùn Wá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Onígbòǹgbò, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ ìlú Guangzhou ní China. Ó yẹ kó dùn yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà gbòde, àwọn onílé kan níbẹ̀ lé àwọn èèyàn dúdú síta, òtẹ́ẹ̀lì kò gbà wọ́n, àwọn kan sùn sí títì. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, tó jẹ́ Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ránṣẹ́ pe aṣojú China, ó bá a wí lójú ayé, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Kí wá ni àwa náà ń ṣe nílé lásìkò yẹn?

Ará Ítálì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bàálù ló gbé e dé ní oṣù kejì ọdún náà, ó balẹ̀ sí Ìkẹjà tiwa níbí kó tó kọjá lọ sí Ewékorò. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lé òyìnbó kúrò nílé nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Àmọ́ nígbà tó yá, tí ìjọba fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó àwọn ọmọ Hausa bọ̀ láti Òkè Ọya ló gba ẹnu wa. Òfin ló ní kí wọ́n dá wọn padà, n kò bá òfin jà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bá jà: pé àwọn ló ń kó àrùn bọ̀, pé kí a má ra omi mọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ti ọmọlanke. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò wọ bàálù rí! Òwò obì sì ti kó Hausa wá sí Agége kí bàbá ọ̀pọ̀ nínú yín tó dé Èkó.

Yàtọ̀ sí pé ìwà bẹ́ẹ̀ burú, kì í lé àrùn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tí a ń pè ní lúkúlúkú wọ Èkó. Wolé-wolé ń wọ ilé onílé láti wá aláìsàn. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n ń fi aláìsàn pamọ́, àwọn mìíràn sì bá ọkọ̀ ojú irin sá lọ, tàwọn tàrùn. Ẹni tó bá mọ̀ pé lílé ni a ó lé òun kò ní jẹ́wọ́ pé ara òun gbóná. Ẹ wá wo Ebola ọdún 2014, tó gba pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà yìí kan náà wọlé. Èèyàn 894 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa wọn, tí wọ́n ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn láti wo bí ara wọn ṣe rí. Èèyàn 8 péré ló kú ní gbogbo Nàìjíríà.

Nítorí náà, kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó dé, ẹ jẹ́ ká múra. Nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà, ebi ti wọlé kásúà tó ń gbowó òòjọ́ lójú ọ̀nà Ọba Akran kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Oúnjẹ ìrànwọ́ tó dé àdúgbò wa, orúkọ onílé àti ayálégbé ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi pín in. Mégádì tó ń sùn nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Kútọnu tó ń báni ṣiṣẹ́ ilé, àti àwọn tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín yá, ẹ kọ ìwé tiyín. Ẹ béèrè orúkọ wọn gan-an, ẹ má kọ Àbókí. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa àti ẹni tó gbọ́ Ègùn, tí yóò máa túmọ̀ ohun tí nọ́ọ̀sì bá wí. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá yá, kí ẹnì kan bá a dé ọsibítù, torí ẹni tí kò lálágbàwí máa ń pẹ́ lórí ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ jogún ilé, ẹ má lé ayálégbé nítorí pé ó wúkọ́.

Ẹ mú ìwé náà wá sí ìpàdé àdúgbò. Bí àgbàlagbà kan bá ń kùn pé kí ló kan àlejò nínú ètò wa, ẹ ní èmi ni mo rán yín.