Nígbà tí Oyún Bá Ń Wálẹ̀ Lára Àgùntàn

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹ̀yin aláboyún àti ẹ̀yin agbẹ̀bí. Ó dá lórí ibà kan tí ń bá ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn jà, tí ẹ̀fọn sì ń gbé kiri. Ibà Rift Valley ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè má tíì gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sin àgùntàn tàbí ewúrẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ alápatà, àti ẹni tí ń fọ ìfun ẹran tà lọ́jà, kí ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún 1930, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, nínú oko àgùntàn kan nítòsí adágún Naivasha ní àfonífojì Rift, àwọn ọmọ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀lọpọ̀, oyún sì ń wálẹ̀ lára àwọn ìyá wọn. Daubney, Hudson àti Garnham ni wọ́n ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1931. Wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn ẹran náà jẹ́. Ibà mú àwọn darandaran tí ń tọ́jú wọn, kò sì yọ àwọn olùwádìí fúnra wọn sílẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ràn? Irú ẹ̀fọn kan wà tí ń yé ẹyin sí ilẹ̀ ọ̀rinrin, níbi tí omi máa ń dá sí nígbà òjò. Fáírọ́ọ̀sì yìí lè ti ara ìyá ẹ̀fọn wọ inú ẹyin náà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹyin kò kú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi bo ilẹ̀, ẹyin yóò pa, ẹ̀fọn tuntun yóò sì jáde ti òun ti àrùn. Ẹran ni wọn yóò kọ́kọ́ jẹ, láti ara ẹran ni oríṣi ẹ̀fọn mìíràn yóò sì ti gbà á. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi sábà máa ń tẹ̀lé omi. Ní 1987 ó jà ní Mọriténíà, lẹ́bàá odò Senegal, lẹ́yìn tí wọ́n ti sé odò náà ní Diama. Ní ìparí 1997 wọ 1998, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá mú un jà ní Kẹ́ńyà àti Sòmálíà. Ní Nàìjíríà pàápàá, àwọn olùwádìí ti rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àgùntàn àti màlúù.

Ẹ̀fọn nìkan kọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ni ó ń kó o ran ènìyàn jù. Ẹni tí ó pa ẹran tí àrùn wà lára rẹ̀, tàbí tí ó fi ọwọ́ lásán gbé ọmọ ẹran tí a bí ní òkú àti ibi rẹ̀, lè kó o. Wàrà tí a kò sè náà léwu.

Bí ó bá mú aboyún àgùntàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí oyún rẹ̀ kì í wálẹ̀. Obìnrin ńkọ́? Ó pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn. Láàárín 2011 àti 2012, ní ilé ìwòsàn kan ní Port Sudan, ní ilẹ̀ Sudan, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún 130 tí ibà ń ṣe wò. Àwọn 28 ní ibà Rift Valley, oyún sì bàjẹ́ lára 15 nínú wọn. Nínú àwọn 102 yòókù, 12 péré ni oyún bàjẹ́ lára wọn. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni èyí, àwọn obìnrin náà kò sì pọ̀, nítorí náà a kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí níbi gbogbo. Síbẹ̀, lójú tiwa, ó tó kí aláboyún jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ọmọ tuntun náà lè gbà á láti inú ìyá rẹ̀: irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sàúdí Arébíà nígbà tí àrùn náà jà níbẹ̀ ní 2000, ọmọ náà sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin aláboyún, bí oyún bá ń wálẹ̀ lára ẹran yín, pàápàá bí ó bá ju ẹyọ kan lọ lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Kí ẹlòmíràn tí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sin òkú ọmọ ẹran náà jìn. Kí a má jù ú fún ajá. Nígbà ọdún Iléyá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pa àgbò, kí ó sì fọ ìfun. (Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe èyí ní ọ̀lẹ.) Ẹran tí ó jinná dáadáa kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ se wàrà kí ó hó, kí ẹ sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì olóògùn.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ó ti mọ́ wa lára láti pe gbogbo ibà ní ibà malaria. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún malaria ná, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ó bá wà. Ṣùgbọ́n ibà Rift Valley náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná òjijì, orí fífọ́ àti ara ríro, nítorí náà ẹ fi ìbéèrè kan kún èyí tí ẹ máa ń bi wọ́n: “Ìyá, ẹ ń sin ẹran nílé bí? Ṣé oyún wálẹ̀ lára ọ̀kankan nínú wọn láìpẹ́ yìí?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dá a padà sílé. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì kọ ohun tí ó sọ sínú ìwé tí yóò mú lọ. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú tàbí ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò gba ìdúró rárá. Kò sí oògùn kan pàtó tí ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Parasitámọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún un fún ara gbígbóná. Ẹ má fún un ní asipirín-ìnì, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.